Ọ́ìlì Dífù fún Ọkọ̀ Àfọwọ́tò: Red Line 75W90NS àti Àwọn Ìgò Tí Mo Fi Wé E

Ẹni tó ra Ford Mustang tuntun kì í ronú nípa ọ́ìlì tó yẹ àkísù ẹ̀yìn rẹ̀, nítorí pé ilé-iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ náà ti kọ ọ́ sínú ìwé, wọ́n sì ti dà á sí i kí ọkọ̀ tó jáde. Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀ fún ẹni tó bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ to ọkọ̀. Factory Five Racing, ilé-iṣẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1995 tó sì wà ní ìlú Wareham ní ìpínlẹ̀ Massachusetts, ń ta Roadster gẹ́gẹ́ bí ọkọ̀ àfọwọ́tò, ohun tí wọ́n ń pè ní kit car: férémù, bọ́dì àti ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹ̀yà kéékèèké ló ń wá nínú àpótí, ṣùgbọ́n ẹni tó rà á ló máa wá ẹ́ńjìnnì, gíábọ́ọ̀sì àti àkísù ẹ̀yìn fúnra rẹ̀. Àkísù tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń lò ni Ford 8.8, èyí tí wọ́n ń tú lára Mustang tí wọ́n ṣe láàárín ọdún 1987 sí 2004. Ìwé tí ilé-iṣẹ́ náà fi ránṣẹ́ lè kọ́ni bí a ṣe ń de àkísù náà mọ́ férémù, àmọ́ kò lè mọ ohun tí ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ ti pààrọ̀ nínú rẹ̀, tàbí ọ́ìlì tó dà sí i kẹ́yìn. Irú àkísù bẹ́ẹ̀ ló wà lábẹ́ Roadster tí mo tò ní Houston, dífù limited slip, irú èyí tí kì í jẹ́ kí ẹsẹ̀ kan nìkan máa yí lásán, tí wọ́n ń pè ní Traction-Lok ló sì wà nínú rẹ̀. Red Line 75W90NS ni mo fi ṣáájú nínú gbogbo ọ́ìlì tí mo gbé yẹ̀ wò fún un, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe òun ni màá ní kí gbogbo ènìyàn rà.

Kí ọ̀rọ̀ ìgò tó yé ni, ó yẹ kí a mọ iṣẹ́ tí a fẹ́ gbé lé ọ́ìlì náà lọ́wọ́. Bí ọkọ̀ bá ń yí kọ́nà, ẹsẹ̀ rẹ̀ tó wà lápá òde máa ń rin ọ̀nà tó gùn ju ti apá inú lọ, dífù ló sì ń jẹ́ kí àwọn méjèèjì yí ní ìwọ̀n tó yàtọ̀ láìjẹ́ pé ọ̀kan ń wọ́ èkejì nílẹ̀. Àléébù dífù lásán ni pé agbára tó ń dé ilẹ̀ kì í kọjá èyí tí ẹsẹ̀ tí kò rí ilẹ̀ tẹ̀ dáadáa bá lè gbà, nítorí náà bí ẹsẹ̀ kan bá bọ́ sórí ilẹ̀ tó ń yọ̀, òun nìkan ni yóò máa yí lásán, èkejì yóò sì dúró gbagidi. Àléébù yìí máa ń tètè hàn nínú Roadster. Ọkọ̀ náà sábà máa ń wọ̀n láàárín 1,000 sí 1,100 kìlógíráàmù, ẹ́ńjìnnì V8 tó wà níwájú rẹ̀ sì ni irú èyí tí wọ́n ṣe fún Mustang tó wọ̀n tó 1,400 kìlógíráàmù tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Traction-Lok ń fi àwo kílọ́ọ̀ṣì yanjú ìṣòro yìí. Àwọn àwo kan so mọ́ gíà tó ń gbé ẹsẹ̀ ọkọ̀, àwọn mìíràn so mọ́ ilé dífù fúnra rẹ̀, wọ́n tò wọ́n léra wọn, ọ̀kan láti apá kan, ọ̀kan láti apá kejì, sípíríǹgì kan tó rí bíi lẹ́tà S sì ń tì wọ́n pọ̀. Bí awakọ̀ bá ṣe ń tẹ iná sí i, bẹ́ẹ̀ ni gíà inú dífù ń tì wọ́n mọ́ra sí i. Ṣùgbọ́n àwọn àwo tó ń di ara wọn mú yìí kan náà gbọ́dọ̀ yọ̀ lórí ara wọn nígbà tí ọkọ̀ bá ń yí kọ́nà ní ìrọ̀rùn, láìpariwo àti láìjẹ ara wọn. Ọrùn ọ́ìlì ni iṣẹ́ méjì tó tako ara wọn yìí wà.

Níbí ni ọ̀rọ̀ ti le díẹ̀. Àwo tí kò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀ máa ń di ẹnìkejì rẹ̀ mú ju bó ṣe ń dì í mú lọ lẹ́yìn tó bá ti ń yọ̀. Bí ọ́ìlì kò bá dín ìyàtọ̀ àárín méjèèjì kù, àwọn àwo náà á dì, wọn á já, wọn á tún dì, wọn á tún já, léraléra láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, awakọ̀ á sì gbọ́ gágágágá lẹ́yìn ọkọ̀ nígbà tó bá ń rọra yí kọ́nà ní ibi ìgbọ́kọ̀sí. Friction modifier ni wọ́n ń pe èròjà tí wọ́n fi ń wo èyí sàn. Ó máa ń lẹ̀ mọ́ ojú irin, ó sì ń jẹ́ kí àwọn àwo náà tú ara wọn sílẹ̀ wẹ́rẹ́. Bí èròjà náà bá kéré jù, dífù á máa pariwo, àwọn àwo rẹ̀ á sì máa gbóná. Bó bá pọ̀ jù, àwọn àwo kò ní lè di ara wọn mú mọ́, ẹni tó náwó sí limited slip á sì tún padà máa wa ọkọ̀ tó ní dífù lásán. Gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ nípa ìgò kọ̀ọ̀kan dá lórí ẹni tó ń pinnu ìwọ̀n èròjà yìí: ṣé ilé-iṣẹ́ tó pò ó ni, tàbí ẹni tó ni ọkọ̀?

Kí ẹnikẹ́ni tó ra nǹkan kan, ó gbọ́dọ̀ mọ ohun tó wà nínú àkísù rẹ̀. Ford máa ń so páálí irin kékeré kan mọ́ bóòtù kan lára ìdérí àkísù. Bí a bá rí 3L27 tàbí 3L55 lórí rẹ̀, lẹ́tà L tó wà láàárín àwọn nọ́ńbà ń sọ pé limited slip ni. Bí kò bá sí L níbẹ̀, dífù lásán ni. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí àkísù náà jáde ní ilé-iṣẹ́ nìkan ni páálí yẹn lè jẹ́rìí sí. Àwọn mìíràn máa ń fi jáàkì gbé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì, wọn á fi ọwọ́ yí ọ̀kan, wọn á sì wo bóyá èkejì tẹ̀ lé e ní ọ̀nà kan náà. Ọgbọ́n yẹn dára, àmọ́ kò tó, nítorí pé Traction-Lok tí àwọn àwo rẹ̀ ti jẹ tán á hùwà bíi dífù lásán, bẹ́ẹ̀ náà sì ni dífù oní-gíà bíi Torsen lè ṣe nígbà tí kò sí ẹrù lórí rẹ̀. Ohun tó dájú ni kí a ṣí ìdérí, kí a sì fi ojú wa rí i. Bóòtù mẹ́wàá ló dè é, ọ̀pọ̀ nínú àwọn 8.8 ti Mustang kò sì ní ihò tí a lè gbà da ọ́ìlì àtijọ́ dànù nísàlẹ̀, nítorí náà kò sí bí a kò ṣe ní tú ìdérí náà. Bí sípíríǹgì S bá yọjú láàárín, Traction-Lok nìyẹn.

Ní ti ìpele, ó ní láti jẹ́ API GL-5, ìyẹn ìpele ọ́ìlì gíà tí wọ́n ṣe fún ibi tí ìfúnpá ti le. Nínú àkísù bí èyí, gíà kékeré tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní píníọ́nù kò wọ àárín gíà ńlá, ìyẹn kíráwùn, gan-an. Ó rẹlẹ̀ sí àárín rẹ̀, èyí sì mú kí eyín wọn máa ha ara wọn lọ gbọọrọ dípò kí wọ́n kàn yí lórí ara wọn. Ìfúnpá ibẹ̀ le tó bẹ́ẹ̀ tí ọ́ìlì lásán á fi já kúrò láàárín wọn, àfi bí ó bá ní èròjà sọ́fọ̀ àti fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì tó pọ̀ tó nínú, èyí tí GL-4, ìpele tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, kò ní tó bẹ́ẹ̀. Àwọn èròjà wọ̀nyí náà ló ń fún ọ́ìlì gíà ní òórùn rẹ̀ tí kì í kúrò lára aṣọ. Kí ẹnikẹ́ni má sì tìtorí pé ìgò kan ṣẹ́kù kó dà á sí gíábọ́ọ̀sì: gíábọ́ọ̀sì T-5 tó bá ọ̀pọ̀ Mustang ìgbà yẹn wá ń lo ọ́ìlì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ìyẹn irú èyí tí wọ́n ń dà sí gíábọ́ọ̀sì ọ̀tómátíìkì. Ọmọ ìtajà kan tí mo bi léèrè ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀yà ọkọ̀ sọ fún mi pé ọ́ìlì gíà kan náà ni gbogbo wọn. Kò rí bẹ́ẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àtẹ ọjà rẹ̀ mọ́ tónítóní.

Kíki ọ́ìlì ni ọ̀rọ̀ tó kù, ibẹ̀ ni ìbẹ̀rù tí kò nídìí sì pọ̀ sí. Ẹni tó mọ̀ pé 20W-50 ni òun ń dà sí ẹ́ńjìnnì á rí 75W-90, á rò pé ó ki fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì. Kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí pé òṣùwọ̀n ọ́ìlì gíà yàtọ̀ sí ti ẹ́ńjìnnì. Ní 100 °C, ọ́ìlì gíà 90 gbọ́dọ̀ wà láàárín 13.5 sí 18.5 cSt (òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn kíki ọ́ìlì), ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì 40 wà láàárín 12.5 sí 16.3, 50 sì wà láàárín 16.3 sí 21.9. Lédè kan, 90 ti gíà kò ju 40 tàbí 50 ti ẹ́ńjìnnì lọ. 140 ló ki ní tòótọ́, láti 24 títí dé nǹkan bíi 32. Nọ́ńbà tó ṣáájú W ń sọ nípa òtútù: ìdánwò 75W wáyé ní −40 °C, ti 80W ní −26 °C. Ẹni tó ń gbé Massachusetts lè rò ó, àmọ́ ní Houston, iye tí ooru ń gbé ọ́ìlì dé ló yẹ kó ká èèyàn lára. Síbẹ̀, ooru ojú ọjọ́ kọ́ ló ń se ọ́ìlì àkísù, ẹrù tó ń gbé ni. Mo ti rí àwọn tó ń da 75W-140 sí Roadster tí kì í kúrò lójú títì nítorí pé wọ́n gbà pé èyí tó ki jù ló dára jù. Ẹni tó ń fa ọkọ̀ ojú omi, tàbí tó ń sáré yípo pápá eré fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ni 75W-140 wà fún. Nínú ọkọ̀ tó fúyẹ́ bí èyí, ọ́ìlì tó ki ju bó ti yẹ lọ kàn ń jẹ agbára ẹ́ńjìnnì ni, ó sì ń sọ ọ́ di ooru.

Nínú àwọn ìgò náà, Motorcraft 80W-90 pẹ̀lú ìgò kékeré XL-3, ìyẹn friction modifier ti Ford, ni ó rọrùn jù lọ fún àpò. Ìlànà Ford fúnra rẹ̀ ni: ọ́ìlì lọ́tọ̀, èròjà lọ́tọ̀, òṣùwọ̀n ọ́ǹsì mẹ́rin, ìyẹn nǹkan bíi mílílítà 118, ni XL-3. Kò sí ohun tó burú nínú rẹ̀. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi kíráwùn àti píníọ́nù tuntun sí àkísù rẹ̀ kò tilẹ̀ nílò ohun tó ju èyí lọ ní ìbẹ̀rẹ̀, nítorí pé àwọn tó ń ṣe irú gíà bẹ́ẹ̀ sábà máa ń ní kí a da ọ́ìlì àkọ́kọ́ nù lẹ́yìn nǹkan bíi máìlì 500, pẹ̀lú gbogbo irin wẹ́wẹ́ tó bá ti bọ́ sínú rẹ̀. Kí ni èèyàn fẹ́ da ọ́ìlì olówó gọbọi nù sí?

Mobil 1 Synthetic Gear Lube LS 75W-90 ni mo máa ní kí ẹni tí kò fẹ́ wàhálà rà. Sìǹtẹ́tíìkì ni, wọ́n ti po friction modifier mọ́ ọn, LS tó wà nínú orúkọ rẹ̀ ń sọ bẹ́ẹ̀, kò sì ṣòroó rí. Ọkọ̀ ojú títì tí àwọn àwo rẹ̀ ti yanjú pẹ̀lú ara wọn kò ní bínú sí i. Red Line 75W90 lásán náà wà ní ipò yìí. Òun ní èròjà náà nínú, èsítà, irú ọ́ìlì sìǹtẹ́tíìkì kan, ni wọ́n sì fi ṣe ìpìlẹ̀ rẹ̀, èyí tó ń mú kó fara da ooru dáadáa. Fún àwọn ará wa ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí Motul wà nítòsí wọn, Motul 90 PA ni èyí tí ilé-iṣẹ́ náà dìídì ṣe fún dífù alákílọ́ọ̀ṣì, kí wọ́n má sì ṣì í mú dípò Gear 300.

Red Line 75W90NS ni èmi dúró lé lórí. Lẹ́tà méjì péré ló fi yàtọ̀ sí èkejì rẹ̀ lórúkọ, ẹni tó bá ń kánjú sì lè gbé èyí tí kò fẹ́. Ìpìlẹ̀ èsítà kan náà ni, GL-5 ni, ṣùgbọ́n wọn kò fi friction modifier sí i rárá. Ohun tó dà bí àléébù yìí gan-an ni mo ń san owó fún. Bí ilé-iṣẹ́ bá ti po èròjà náà mọ́ ọ́ìlì, èèyàn lè fi kún un bí dífù bá ń pariwo, àmọ́ kò lè yọ kúrò nínú rẹ̀ bí dífù bá ti rọ̀ jù, kò sì ní mọ iye tó ti wà níbẹ̀ kó tó fi kún un. Ilé-iṣẹ́ tó po ọ́ìlì náà ní ọkọ̀ akẹ́rù àti Mustang lọ́kàn pẹ̀lú. Kò mọ̀ nípa Roadster tí ẹ̀yìn rẹ̀ fúyẹ́, kò sì mọ̀ bóyá àwo ti ilé-iṣẹ́ ló ṣì wà nínú dífù tàbí àwo oní-káábọ̀n tí ẹnìkan rà fi rọ́pò. Pẹ̀lú NS, mo fi ìdajì ìgò XL-3 bẹ̀rẹ̀, mo wa ọkọ̀ títí ọ́ìlì fi gbóná, mo sì yí kọ́nà híhá ní àyè gbalasa kan. Gágágágá náà ṣì wà, ṣùgbọ́n ó mọ níwọ̀n. Mo fi kún un díẹ̀díẹ̀ títí ó fi dákẹ́, mo sì dá ọwọ́ dúró níbẹ̀ láìjẹ́ kí ìgò náà tán. Bí mo bá tẹ iná mọ́lẹ̀ lójijì báyìí, àmì táyà méjì ni mo ń rí lójú títì, wọ́n sì dúdú dọ́gba.

Ohun tó yẹ kí èèyàn kà sí i lọ́rùn náà wà. Ó wọ́n ju Motorcraft lọ dáadáa, èèyàn ṣì máa ra XL-3 lọ́tọ̀ lé e lórí, kì í sì í ṣe gbogbo ṣọ́ọ̀bù ló ń tà á. Àfi kí èèyàn kọ̀wé ránṣẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì kó sì dúró dè é. Iṣẹ́ díẹ̀díẹ̀ tí mo ṣàlàyé yìí gba sùúrù, ẹni tí kò bá sì ní àyè láti máa padà sábẹ́ ọkọ̀ lè fi owó rẹ̀ ra Mobil 1 LS láìsí àbámọ̀.

Ní ti dídà á sínú àkísù, kí a kọ́kọ́ tú ìdè ihò ọ́ìlì kí a tó tú bóòtù kan ṣoṣo lára ìdérí, nítorí pé bí ìdè náà bá ti dì pa, ó sàn kí a mọ̀ nígbà tí ọ́ìlì àtijọ́ ṣì wà nínú rẹ̀. Àkísù náà ń gba ohun tó dín díẹ̀ sí lítà méjì, nítorí náà ìgò oníkúọ́ọ̀tì méjì tó. XL-3 ni kí a kọ́kọ́ dà, kí ọ́ìlì tẹ̀ lé e, torí pé bí ọ́ìlì bá ti kún dé etí ihò, kò sí àyè fún nǹkan mìíràn mọ́. Ẹni tó fẹ́ máa fi kún un bí mo ti ṣe yóò dá ọ́ìlì díẹ̀ dúró, yóò sì lo síríǹjì. Bí a bá ń fi àwo tuntun sí i, kí a kọ́kọ́ rẹ wọ́n sínú XL-3. Lẹ́yìn náà, kí a wa ọkọ̀ ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ẹni ń kọ nọ́ńbà 8 sórí ilẹ̀, lọ́tùn-ún àti lósì, títí ọ́ìlì tuntun fi wọ àárín àwọn àwo.

Ohun kan wà tí ọkọ̀ àfọwọ́tò fi yàtọ̀ níbí, tí kì í sí nínú ìwé Ford. Ihò ọ́ìlì ni òṣùwọ̀n nínú Mustang, torí pé ilé-iṣẹ́ mọ bí àkísù ṣe fì síwájú tàbí sẹ́yìn nínú ọkọ̀ náà. Nínú Roadster, ẹni tó tò ó ló yan bí imú píníọ́nù yóò ti nà tó, bí imú náà bá sì ga sókè jù tàbí tó rẹlẹ̀ jù, etí ihò lè parọ́ fún wa. Mo wọn ọ́ìlì tí mo dà gan-an, mo sì fi ihò náà ṣe ẹlẹ́rìí kejì. Kí a tún wo ọ̀nà tí àkísù ń gbà mí. Férémù tuntun kò ní ibi tí Ford ti de rọ́bà èémí àkísù náà mọ́ tẹ́lẹ̀, ó sì rọrùn kí a gbàgbé rẹ̀ tàbí kí a kùn ún mọ́ ibi tí a kùn. Bí ihò èémí náà bá dí, afẹ́fẹ́ gbígbóná á ti ọ́ìlì gba ojú síìlì jáde lọ bá bíréèkì.

Àwọn tí wọ́n ṣí ìdérí wọn tí wọ́n sì bá Truetrac ti Eaton níbẹ̀, tàbí ọ̀pọ̀ irú Torsen, kò nílò èyíkéyìí nínú ohun tí mo yìn lókè. Gíà ló ń ṣe iṣẹ́ àwo nínú wọn, kò sí kílọ́ọ̀ṣì tí yóò máa pariwo, Truetrac sì nílò kí gíà rẹ̀ máa ha ara wọn díẹ̀ kó tó lè ṣiṣẹ́. Ọ́ìlì GL-5 lásán tí kì í ṣe sìǹtẹ́tíìkì, láìsí friction modifier, ni Eaton ní kí a dà sí i: ìgò 80W-90 tó wọ́ pọ́ọ́kú jù lórí àtẹ.